Àrùn Abẹ́ Aṣọ, àti Àwọn Tí Ń Wá Ìwòsàn Rẹ̀

Oríṣiríṣi àìsàn ni ọmọ aráyé máa ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ, tí ẹni tí ó ń ṣe yóò sì máa rò ó fún tọmọdé tàgbà láìfòyà: ibà, orí fífọ́, làkúrègbé, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àtọ̀gbẹ pàápàá, ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ tó jẹ́ pé bí ó bá ti wọ ara ènìyàn, ahọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dè, tí aya kò fi ní í lè sọ ọ́ fún ọkọ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, tí ìyá kò ní í lè sọ ọ́ fún ọmọ tí ó fi ẹ̀yìn pọ̀n, tí ẹni náà yóò sì jókòó níwájú dókítà, yóò ka gbogbo ohun tí ń ṣe é láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sì fo èyí tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Àìsàn náà ni àìlèmú ìgbọ̀nsẹ̀ dúró: kí ìgbẹ́, yálà líle tàbí ṣíṣàn, máa jáde lára àgbàlagbà nígbà tí kò fẹ́, tàbí kí ó tilẹ̀ jáde kí ó tó mọ̀.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ẹni tí àìsàn yìí bá sì ń ṣe mọ ìtumọ̀ òwe náà ju ẹni tí ń pa á lọ. Wọ́n tún máa ń wí pé ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, pé ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn tí a ń sọ yìí, ẹni tí ó ṣe é gan-an ni kì í gbàgbé, nítorí láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú ọkọ̀ èrò tàbí láàárín ìjọ, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ni yóò máa fi wọn gbogbo ìrìn rẹ̀. Kò ní í jẹun kí ó tó jáde nílé. Aṣọ tó dúdú ni yóò máa yàn. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, yóò ṣe àlùwàlá tán, kí ó tó dé orí ẹní ìkírun yóò ti bàjẹ́, yóò sì padà lọ ṣe òmíràn, títí tí yóò fi dẹ́kun lílọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí ó bá jẹ́ Kristẹni, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni yóò di tirẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń tutù.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí William Whitehead àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ìwé ìwádìí ìlera tí ìjọba wọn gbà sílẹ̀ ní 2005 sí 2006 wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ń gbé inú ilé ara wọn, tí kì í ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó, ó lé ní mẹ́jọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láàárín oṣù kan péré; láàárín àwọn tó ti pé 70 ọdún, ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá rò pé àìsàn obìnrin nìkan ni, kí ó gbọ́: 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1982, Leigh àti Turnberg ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní Lancet pé nínú àwọn aláìsàn tó wá sọ fún dókítà pé inú ń ṣu àwọn, bí ìdajì wọn ni ìgbẹ́ ń yọ lára láìròtẹ́lẹ̀, èyí tó sì la ẹnu sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú wọn kò tó ìdajì. Ó dára kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí a óò sọ nípa ìwádìí ìwòsàn.

Kí a tó sọ bí a ti ń wá ìwòsàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń bàjẹ́. Iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá ṣe sí ìsàlẹ̀ ìfun ènìyàn jinlẹ̀ ju bí ẹni tí ara rẹ̀ le ti máa ń rò lọ. Òrùka iṣan méjì ló yí ihò ìdí ká, bí okùn tí a fi ń fún ẹnu àpò: ti inú kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tọ̀sán-tòru ni ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ìbáà jẹ́ lójú oorun, ti òde ni a máa ń fi ìfẹ́ inú wa fún pọ̀ nígbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n wá tí ààyè kò sì tíì sí. Iṣan kan tún wà tó gbá ìfun mú láti ẹ̀yìn, tó sì fà á síwájú kí ọ̀nà náà má bàa tọ́ gbọnrangandan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, awọ ibẹ̀ ní ìmọ̀lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè mọ ìyàtọ̀ láàárín isó, omi àti ìgbẹ́ líle, tí àwọn fọ́nrán tínrín-tínrín tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ yóò sì gbé ìròyìn náà lọ kí ọpọlọ tó pàṣẹ. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú ìwọ̀nyí, àwọn yòókù lè máa gbé ẹrù rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí àṣírí tó tú. Ìdí nìyí tí obìnrin tí iṣan ìdí rẹ̀ ya nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ fi lè máà rí wàhálà kankan títí yóò fi di ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mẹ́nu bà nínú ohun tí ń fà á. Ní 1993, Abdul Sultan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara wo iṣan ìdí àwọn aboyún kí wọ́n tó bí àti lẹ́yìn tí wọ́n bí tán. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bí àkọ́bí wọn láti ojú ara, 35 ni òrùka iṣan wọn ní ọgbẹ́ nínú, tí kò sì sí ẹni tó fi ojú lásán rí i. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n fi irin fa ọmọ wọn, mẹ́jọ ni ó kàn. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé fọ́nrán ìmọ̀lára tó rẹ̀ nítorí ìrọbí gígùn ni olórí ohun tó ń fà á. Àwòrán yìí ló fi hàn wọ́n pé iṣan tó ya wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán. Àwọn ohun mìíràn tún wà: àtọ̀gbẹ tó ti ba fọ́nrán ìmọ̀lára jẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣèṣe, iṣẹ́ abẹ ìdí, ìtànṣán tí a fi wo jẹjẹrẹ, inú ṣíṣu tó pẹ́ lára. Láàárín àwọn arúgbó, èyí tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà ni ìgbẹ́ tó dì gbagidi sínú ìfun, tí omi ìgbẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ. Àwọn ará ilé yóò rò pé inú ló ń ṣu bàbá, wọn yóò fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, wọn yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ dí ọ̀nà tó ti dí tẹ́lẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ St Mark's, tí oníṣẹ́ abẹ kan, Frederick Salmon, dá sílẹ̀ ní 1835 pẹ̀lú ibùsùn méje péré, fún àwọn tálákà tí àrùn ìdí ń dà láàmú, ní ìgbà tí àwọn oníṣègùn ńláńlá kò fẹ́ kí orúkọ wọn bá irú àrùn bẹ́ẹ̀ lọ. Charles Dickens, gbajúgbajà òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, wà lára àwọn tí Salmon fi abẹ tọ́jú, ní 1841. Ní ilé ìwòsàn yìí kan náà, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni Alan Parks ti gbé iṣẹ́ abẹ kan kalẹ̀ tó ń fa àwọn iṣan ẹ̀yìn ìfun pọ̀ kí wọ́n lè dì padà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé gbà á, wọ́n sì ń ṣe é. Àwọn mìíràn a máa gé iṣan tó ya, wọn a gbé etí kan lé ekejì, wọn a sì rán an. Gbogbo rẹ̀ dára lójú, àwọn aláìsàn a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2000, Malouf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St Mark's pe àwọn obìnrin tí a ti rán iṣan wọn bẹ́ẹ̀ padà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí nǹkan ti rí. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó lè mú ìgbẹ́ àti isó dúró pátápátá.

Ó ṣòro fún oníṣẹ́ abẹ láti tẹ irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde nípa iṣẹ́ ọwọ́ ilé ara rẹ̀, mo sì ka àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde sí olóòótọ́ ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò tó mọ́ kí dókítà wí pé aláìsàn mi dúpẹ́; a fẹ́ mọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ sí i bí a kò bá ṣe nǹkan náà. Ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ ọ́n kò ṣàjèjì sí wa: a ń ṣẹ́ kèké ni. A ó kó àwọn aláìsàn tó gbà láti bá wa ṣe é jọ, a ó ṣàlàyé fún wọn kedere pé àwọn kan yóò gba ìtọ́jú gidi, àwọn kan yóò gba àfarawé rẹ̀, wọn yóò sì tọwọ́ bọ̀wé. Kèké ni yóò yan olúkúlùkù, kì í ṣe ojúsàájú dókítà. Oníkálùkù yóò máa kọ iye ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́ sínú ìwé. Nígbà tí àkókò bá pé, a ó ka ìwé náà.

Iye kan tí àwọn olùwádìí sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ọ̀sẹ̀ kan dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò bá wọn jà lórí rẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó bí aláìsàn ti ń rò ó. Ìyá tó ń ba aṣọ jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìwé ìwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì lè lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi gbé òṣùwọ̀n tí Jorge àti Wexner gbé kalẹ̀ ní 1993 lọ́wọ́, tí kì í bèèrè iye ìgbà ìgbẹ́ líle, ti omi àti ti isó nìkan, tó tún ń bèèrè bóyá ènìyàn ń fi aṣọ sídìí, àti bóyá ìgbé ayé rẹ̀ ti yí padà nítorí rẹ̀.

Nínú gbogbo ìwádìí tí mo mọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, èyí tí ọkàn mi máa ń padà sí jù lọ ni ti Christine Norton, nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Láti 1974 ni Engel àti Schuster ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé a lè kọ́ ènìyàn ní bí yóò ti máa fún iṣan ìdí rẹ̀ pọ̀ bí ó bá ń wo agbára rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn púpọ̀ sì ti ra ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbà pé òun ni àwòtán. Norton kó aláìsàn 171 jọ ní St Mark's, ó sì ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kìíní, nọ́ọ̀sì jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ ti ẹnu wọn, ó là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí oúnjẹ, oògùn àti bí a ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kejì gba èyí, wọ́n sì tún kọ́ wọn ní eré ìmárale iṣan ìdí. Àwọn kẹta gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn. Àwọn kẹrin gbé ẹ̀rọ lọ sílé kún un. Nígbà tí èsì jáde ní 2003, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn tí nọ́ọ̀sì kàn bá sọ̀rọ̀ lásán tí ara wọn yá, àwọn tó gba ẹ̀rọ kò sì yá jù wọ́n lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn nìkan ni: agbára iṣan wọn pàápàá pọ̀ sí i nígbà tí a wọ̀n ọ́n, nígbà tí ọdún kan sì kọjá, ìyàtọ̀ náà kò tíì parẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣègùn tún gbé ìrètí wọn lé abẹ́rẹ́ kan tí a ń gún sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ láti inú, níbi tí fọ́nrán kan gbà kọjá tó bá àwọn fọ́nrán ìdí pàdé nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. A ó fi iná mànàmáná díẹ̀ sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kì í dunni púpọ̀, kò sì náni lówó tó iṣẹ́ abẹ, àwọn aláìsàn sì ń jẹ́rìí pé ó ṣe àwọn lóore. Charles Knowles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ kí ẹ̀rí ẹnu tó wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní CONFIDeNT, tí èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2015, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín ènìyàn 227 ní ilé ìwòsàn 17 ní Britain: 115 gba iná gidi sí fọ́nrán náà, 112 sì gba àfarawé tí wọ́n fi iná díẹ̀ sí awọ ẹsẹ̀ wọn láìkan fọ́nrán náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba iná gidi ni ìṣẹ̀lẹ̀ tiwọn dín sí ìdajì. Àwọn tó gba àfarawé ńkọ́? 31. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè jẹ́ pé kèké lásán ló fà á.

Mo bẹ òǹkàwé, kí ó má kánjú fo iye yẹn. Ní 2011, Graf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ fa oògùn kan tó dì bí ògì sí abẹ́ awọ ìdí àwọn aláìsàn 136 kí ọ̀nà náà lè fún sí i, wọ́n sì gún 70 mìíràn láìfi nǹkan kan sí wọn lára. Oògùn náà yege, nítorí 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín sí ìdajì láàárín àwọn tó gbà á. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún náà gan-an. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí a gún lásán, 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìlú ọ̀tọ̀, ìtọ́jú ọ̀tọ̀, iye kan náà. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, Jelovsek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n pè ní CAPABLe jáde: obìnrin 300, tí kèké pín sí àwọn tó gba loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, tàbí oògùn òfìfo tí kò ní agbára kankan nínú, àti ẹ̀kọ́ lójú ẹ̀rọ tàbí ìwé pélébé kan tó ń lani lọ́yẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, gbogbo ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ara wọn yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì sí èyí tó yá ju àwọn tó gba oògùn òfìfo àti ìwé pélébé lọ.

Àwọn kan ti ka èsì wọ̀nyí sí ìjákulẹ̀. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsàn yìí a máa le, a sì máa dẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé ìgbà tó bá le jù lọ ni ènìyàn ń sáré wọ inú ìwádìí, tí ó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ fi í sílẹ̀, ó lè dẹ̀ díẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń fà á, oúnjẹ wo ni, wákàtí wo ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tó gba àfarawé rí gbà gan-an. Ẹni tó ti ń fi aṣọ bora fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sọ ọ́ fún ọkọ tàbí ọmọ, ó rí ẹni tó pè é jókòó, tó bi í ní ìbéèrè náà láìrẹ́rìn-ín, láìyínmú, tó sì pè é padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e. Ó kọ́ pé kí òun má máa dúró de ìgbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá dé ọrùn. Ó kọ́ pé kọfí àti wàrà lè wà nídìí ọ̀ràn náà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ dín, nítorí ìbẹ̀rù pàápàá a máa mú ìfun sáré. Ohun tí à ń pè ní àfarawé nínú ìwádìí wọ̀nyí, ìtọ́jú ni, òun sì ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ìtìjú kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí gbà láyé wọn. Bí irin iṣẹ́ olówó ńlá kò bá lè ta á yọ, kì í ṣe ẹ̀bi nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n gbọ́.

Mi ò wí pé ọ̀rọ̀ rere nìkan ni yóò wo gbogbo ènìyàn sàn o. Àwọn kan wà tí tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀, ìwádìí sì ti rí ohun tó tóbi fún wọn. Ní Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì, ni Klaus Matzel ti kọ́kọ́ fi okùn iná tín-ín-rín kan gba inú ihò egungun ìdí dé ibi tí àwọn fọ́nrán tó ń jíṣẹ́ fún ìfun ti ń jáde. Aláìsàn mẹ́ta ni ó ròyìn wọn ní 1995. A ó kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà lóde ara. Bí ó bá ṣiṣẹ́, a ó sin bátìrì kékeré kan sábẹ́ awọ ìdí. Ní Australia, Tjandra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kèké láàárín 120 ènìyàn, wọ́n sì kéde ní 2008 pé nínú 53 tí wọ́n sin ẹ̀rọ náà sí lára, 25 ni ìgbẹ́ kò yọ lára wọn rárá mọ́ nígbà tí ọdún kan pé. Ní Faransé, Leroi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà fún oṣù kan, wọ́n sì pa á fún oṣù kan, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yan oṣù tí ó wà ní títàn. Ní Amẹ́ríkà, Wexner ròyìn ní 2010 pé 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣẹ̀lẹ̀ tiwọn dín sí ìdajì, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i ní 2011. Àmọ́ kí òǹkàwé rántí pé àwọn tí ìdánwò àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ fún nìkan ni a sin ẹ̀rọ sí lára, nítorí náà kò yẹ kí a fi iye yẹn ṣèlérí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ojú ọgbẹ́ náà gba àrùn, bátìrì rẹ̀ a máa tán, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni a ó sì fi pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. A ti dán òrùka òòfà wò pẹ̀lú, tí a so mọ́ra yí ìdí ká. Àwọn tó ṣe é jáde ti kó o kúrò lọ́jà. Ní Austria, wọ́n ń mú ẹran ara aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n ń mú un dàgbà nínú ìgò, wọ́n sì ń gún un padà sí òrùka iṣan tó ti rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń lọ lọ́wọ́.

Ti oúnjẹ rọrùn jù, ó sì sún mọ́ wa jù. Donna Bliss, nọ́ọ̀sì lòun náà, ní Minnesota, fún ènìyàn 189 ní oríṣi okùn inú oúnjẹ mẹ́ta, èyí tí à ń pè ní fáíbà, tàbí òfìfo, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Ọ̀kan ni oje igi akaṣíà tí ń ti ilẹ̀ gbígbẹ apá òkè wá, tí Nàìjíríà pàápàá ń tà sí òkè òkun. Èkejì jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹ̀kẹta ni psyllium, èèpo hóró ewéko kan tí wọ́n ń gbìn ní India, tí ń fa omi mu títí yóò fi wú. Psyllium ló dín ìṣẹ̀lẹ̀ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì. Oje igi náà kò ta òfìfo yọ, àtọwọ́dá sì tilẹ̀ ń mú kí ó burú sí i. Ní 2015, Alayne Markland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi psyllium yìí wé loperamide láàárín 80 ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì ló dín in kù, ṣùgbọ́n loperamide ló ń dí inú jù. Loperamide yìí, tí ilé iṣẹ́ Janssen ní Belgium kọ́kọ́ ṣe ní 1969, wà ní ilé ìtajà oògùn gbogbo lọ́dọ̀ wa. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lò ó ju bí wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí lọ, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè da lílù ọkàn rú títí dé ojú ikú.

Lọ́dọ̀ wa, jẹ̀dí-jẹ̀dí ni a ń pe gbogbo ohun tó bá ti ń ṣe ìdí, àgbo tí a sì ń mu sí i sábà máa ń mú ìgbẹ́ ṣàn. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ya, tí ó lè mú ìgbẹ́ líle dúró ṣùgbọ́n tí omi ń yọ lára rẹ̀, tí a wá fún ní àgbo tó ń sọ ìgbẹ́ di omi: ẹ rò bí ọ̀sán ọjọ́ náà yóò ti rí fún un. Mi ò fi èyí bú oníṣègùn ìbílẹ̀. Aláìsàn kò sọ ohun tó ń ṣe é fún un gan-an. Ìdí ló ní ó ń dun òun. Ìbéèrè kan ló lè yà á sọ́tọ̀, ìbéèrè náà kò sì gba ẹ̀rọ: Ṣé ó máa ń yọ lára yín, ẹ máa ń mọ̀ kí ó tó yọ, àbí aṣọ lẹ ń bá a? Bí ọ̀dọ́ bá ń bi àgbà, kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lé àwọn ènìyàn kúrò nítòsí, kí ó sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwọn agbẹ̀bí ni iṣẹ́ tó kù pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ní Britain, ilé ìgbẹ̀bí 16 gbé ètò kan kalẹ̀ tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn: kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀ràn yíya fún aboyún kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ gbé abẹ́ obìnrin ró nígbà tí orí ọmọ bá ń yọ, bí ó bá di dandan láti gé, kí ó dagun gígé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jìnnà sí ìdí, kí ó sì yẹ gbogbo obìnrin wò lẹ́yìn tí ó bá bímọ tán. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá tó bímọ nínú ètò náà, iye àwọn tí òrùka iṣan wọn ya wá sílẹ̀ láti 3.3 sí 3.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré lójú ẹni tó ń ka iye. Kò kéré lójú ìyá tó wà nínú iye náà. Apá tó kẹ́yìn nínú ètò yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí wa ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Kútọnu, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí kò gbà ju ìbọ̀wọ́ tó mọ́ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: kí ibi ọmọ jáde tán, kí a gba àṣẹ lẹ́nu ìyá, kí a fi ìka kan yẹ ojú ìdí rẹ̀ wò yípo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ òde kò ya, kí a sì rán èyí tí a bá rí pé ó ya nínú kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé.